Ta Ló Ni Ìwé Orí Ẹ̀rọ?

Ní ọdún 2001, Random House, ilé-iṣẹ́ atẹ̀wé ńlá kan ní New York, pe ilé-iṣẹ́ kékeré kan tó ń jẹ́ RosettaBooks lẹ́jọ́. Ìwé mẹ́jọ ló dá ìjà sílẹ̀, òǹkọ̀wé mẹ́ta ló sì kọ wọ́n: William Styron, Kurt Vonnegut àti Robert B. Parker. Ó ti pẹ́ tí Random House ti gba àṣẹ lórí àwọn ìwé wọ̀nyí. Òmíràn nínú àdéhùn wọn ti wà láti àwọn ọdún 1960. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìwé orí kọ̀ǹpútà dé, Rosetta ni àwọn òǹkọ̀wé náà gbé àṣẹ rẹ̀ fún. Random House fárígá. Ó ní òun lòun ni ẹ̀tọ́ láti tẹ iṣẹ́ wọ̀nyí ní ìwé, láti gbé wọn jáde, kí òun sì tà wọ́n, àti pé ìwé ni ìwé ń jẹ́, ì báà wà lórí bébà, ì báà wà lórí ẹ̀rọ. Adájọ́ Sidney Stein yẹ àdéhùn náà wò, ó sì kọ̀ láti dá Rosetta dúró. Lójú tirẹ̀, àṣẹ tí àwọn òǹkọ̀wé fún Random House kò dé orí kọ̀ǹpútà. Lọ́dún 2002, ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn kín in lẹ́yìn.

Ìdí tí mo fi ń tọ́ka sí ẹjọ́ yìí nígbà gbogbo ni pé ó fi ibi tí ọ̀rọ̀ wà hàn wá. Láti ìgbà tí mo ti ń ṣe olóòtú ìwé Yorùbá ní Ìbàdàn, bí ìjíròrò bá ti kan ìwé orí ẹ̀rọ, ohun kan náà là ń gbọ́. Ẹnìkan á ní òórùn bébà lòun fẹ́. Ẹnìkejì á ní fóònù òun ti tó òun í kàwé. Ẹnìkẹta á béèrè bóyá ìwé títẹ̀ yóò kú. Kò kú. Ní Amẹ́ríkà àti ní Britain, níbi tí ìwé orí ẹ̀rọ ti rinlẹ̀ jù, ìwé bébà ló ṣì ń mú èyí tó pọ̀ jù wọlé fún àwọn atẹ̀wé. Inú ìwé àdéhùn ni àyípadà tó ṣe pàtàkì ti ṣẹlẹ̀. Ta ló ni àṣẹ? Títí di ìgbà wo? Ìdá mélòó ni ti òǹkọ̀wé, nínú owó wo sì ni? Ìbéèrè mẹ́ta yìí ti wà tipẹ́, ìwé orí ẹ̀rọ ló sọ wọ́n di tuntun. Ẹni tí kò bá kọ ìdáhùn wọn sínú àdéhùn rẹ̀, ẹlòmíràn ni yóò bá a dáhùn.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo owó. Nídìí ìwé bébà, atẹ̀wé ló ń gbé ẹrù. Òun ni yóò ra bébà, tí yóò san owó ìtẹ̀, tí yóò wá ibi tí wọ́n á kó ìwé sí, tí yóò kó o lọ fún àwọn òǹtàwé, tí yóò sì gba èyí tí kò tà padà. Nítorí ìnáwó yìí ló fi di àṣà pé nǹkan bí ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún iye tí wọ́n ń ta ìwé ni òǹkọ̀wé ń gbà. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2007, Amazon, ìsọ̀ orí ayélujára, gbé ẹ̀rọ ìkàwé Kindle jáde ní dọ́là 399, ó sì ṣílẹ̀kùn fún ẹnikẹ́ni láti gbé ìwé ara rẹ̀ síta láìsí atẹ̀wé. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2010, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fún òǹkọ̀wé ní ìdá 70, bí òǹkọ̀wé náà bá ti lè fi iye ìwé rẹ̀ sí àárín dọ́là 2.99 àti 9.99. Èyí tí iye rẹ̀ bá kéré tàbí tó pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ìdá 35 ni. Àwọn atẹ̀wé ńlá ní tiwọn fìdí kalẹ̀ sórí ìdá 25 nínú owó tó bá wọlé sọ́wọ́ wọn.

Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Ká ní atẹ̀wé ń ta ìwé kan lórí ẹ̀rọ ní dọ́là 12.99. Bí òǹtàwé bá ti mú ìdá 30 tirẹ̀, dọ́là 9.09 ló máa kù fún atẹ̀wé. Ìdá 25 tó jẹ́ ti òǹkọ̀wé nínú rẹ̀ kò ju dọ́là 2.27 lọ. Òǹkọ̀wé mìíràn gbé tirẹ̀ síta fúnra rẹ̀ ní dọ́là 2.99. Ohun tó máa kàn án jẹ́ nǹkan bí dọ́là 2.09, kí wọ́n tó yọ owó kékeré tí wọ́n ń gbà lórí bí fáìlì ṣe tóbi tó. Owó tó wọ àpò àwọn òǹkọ̀wé méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, ṣùgbọ́n òǹkàwé kejì fi dọ́là 10 pamọ́ sápò. Owó yẹn lè ra ìwé mẹ́ta mìíràn. Abájọ tó fi jẹ́ pé àwọn tó ń kọ ìtàn ìfẹ́, tí òǹkàwé wọn lè ka ìwé mẹ́ta láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ló tètè kó lọ síbẹ̀.

Hugh Howey, òǹkọ̀wé ará Amẹ́ríkà, ló ṣe èyí tó kọ́ gbogbo wa lẹ́kọ̀ọ́. Ní oṣù Keje ọdún 2011, ó gbé ìtàn kékeré kan tó pè ní Wool síta fúnra rẹ̀ ní sẹ́ǹtì 99. Ìtàn náà gbilẹ̀, ó di ìwé ńlá, àwọn atẹ̀wé bẹ̀rẹ̀ sí í wá a kiri. Wọ́n fi owó tó wọ mílíọ̀nù lọ̀ ọ́, ó kọ̀ ọ́. Ní ìparí ọdún 2012, Simon & Schuster gbà láti ra àṣẹ bébà nìkan fún Amẹ́ríkà àti Canada, Howey sì di ti orí ẹ̀rọ mú. Ní ogún ọdún ṣáájú ìgbà yẹn, bí òǹkọ̀wé bá sọ irú nǹkan báyìí létí olóòtú, ẹ̀rín ni olóòtú máa fi í rín. Ohun tó fún Howey lẹ́nu ọ̀rọ̀ ni pé ó ti ní òǹkàwé kí atẹ̀wé kankan tó pè é.

Síbẹ̀, ẹ má ṣe jẹ́ ká fi Howey kan ṣoṣo tan ara wa jẹ. Ẹni tó bá di atẹ̀wé ara rẹ̀ ti gba iṣẹ́ gbogbo ilé-iṣẹ́ kan sórí: àtúnkà, àtúnṣe, èèpo ìwé, ìpolówó, ìṣírò owó. Mo ti rí ìwé àfọwọ́kọ tó dára gan-an tí ẹni tó kọ ọ́ gbé sórí ẹ̀rọ láìjẹ́ kí ojú kejì kàn án, tí orúkọ ọ̀kan nínú ẹ̀dá ìtàn rẹ̀ sì yí padà ní àárín ìwé. Mo sì ti rí àwọn tó fi ìwé tí wọ́n fi ọdún mẹ́rin kọ tọrẹ ní iye tí kò tó owó ìpápánu, torí pé wọ́n rò pé gbogbo ohun tó wà lórí fóònù gbọ́dọ̀ pọ́ọ́kú. Ẹni tó bá ta ọjà erùpẹ̀ yóò gba owó òkúta. Ìdá 70 nínú owó tí kò tó nǹkan, kò tó nǹkan náà ni.

Àwọn atẹ̀wé náà kò sùn. Nígbà tí Kindle kọ́kọ́ dé, Amazon ń ta ìwé tuntun tó lókìkí ní dọ́là 9.99, kódà bí owó tó san fún atẹ̀wé bá ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀rù ń ba àwọn atẹ̀wé pé bí iye yìí bá mọ́ òǹkàwé lára, kò ní sí ẹni tó máa fẹ́ san dọ́là 25 mọ́ lórí ìwé ẹlẹ́yìn líle. Nígbà tí Apple fẹ́ gbé iPad jáde ní 2010, márùn-ún nínú àwọn atẹ̀wé mẹ́fà tó tóbi jù bá a ṣe àdéhùn pé àwọn ni yóò máa dá iye lé ìwé wọn, Apple á sì máa mú ìdá 30. Ìjọba Amẹ́ríkà pè wọ́n lẹ́jọ́ ní oṣù Kẹrin ọdún 2012 pé wọ́n gbìmọ̀ pọ̀ láti gbówó lé ọjà. Àwọn atẹ̀wé bá ìjọba parí rẹ̀. Apple bá a dé ilé-ẹjọ́, ó jẹ̀bi lọ́dún 2013, ó sì san mílíọ̀nù 450 dọ́là nígbẹ̀yìn. Èmi kì í bá ẹni tó gbìmọ̀ lórí iye ọjà kẹ́dùn. Ṣùgbọ́n ohun tó lé wọn dé ibẹ̀ yé mi: bí ọ̀nà kan ṣoṣo ni ọjà rẹ ń gbà jáde, ẹni tó ni ọ̀nà náà ni yóò máa sọ iye rẹ̀ fún ọ.

Ibi tí àwọn òǹkọ̀wé wa kì í sábà wò ni mo fẹ́ dúró lé díẹ̀, ìyẹn ọ̀rọ̀ ìwé tó ti tán nílẹ̀. Nínú àdéhùn àtijọ́, gbólóhùn kan máa ń wà pé bí ìwé bá tán, tí atẹ̀wé kò sì tún un tẹ̀ láàárín oṣù díẹ̀ tí òǹkọ̀wé ti kọ̀wé sí i, àṣẹ yóò padà sọ́wọ́ òǹkọ̀wé. Ààbò gidi ni gbólóhùn yìí. Ó ń jẹ́ kí òǹkọ̀wé gba ọmọ rẹ̀ padà lọ́wọ́ alágbàtọ́ tí kò bójú tó o mọ́. Ìwé orí ẹ̀rọ ni tirẹ̀ kì í tán. Fáìlì kan ṣoṣo lè wà ní ìsọ̀ ayélujára fún ọgbọ̀n ọdún kí ẹnikẹ́ni má rà á, atẹ̀wé á sì máa sọ pé ó ṣì wà lọ́jà. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2007, Simon & Schuster yí àdéhùn rẹ̀ padà lọ́nà tí ìwé kò fi ní tán nílẹ̀ mọ́ bí ó bá ti wà lọ́nà èyíkéyìí. Authors Guild, ẹgbẹ́ àwọn òǹkọ̀wé Amẹ́ríkà, figbe ta. Láìpẹ́, ilé-iṣẹ́ náà gbà pé wọ́n lè jọ dá iye owó kan tí ìwé gbọ́dọ̀ máa mú wọlé kó tó lè jẹ́ pé ó ṣì wà lọ́jà. Ìgbà yẹn, Kindle kò tíì jáde. Àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí ti ń wo igi gogoro láti òkèèrè kó tó gún wọn lójú.

Ẹjọ́ Rosetta kò sì túmọ̀ sí pé òǹkọ̀wé ni yóò máa jàre. Jean Craighead George fọwọ́ sí àdéhùn ìwé rẹ̀, Julie of the Wolves, ní 1971. Lẹ́yìn nǹkan bí ogójì ọdún, ó fún ilé-iṣẹ́ Open Road láṣẹ láti gbé e sórí ẹ̀rọ, torí pé Open Road gbà láti fún un ní ìdajì owó tó bá wọlé, nígbà tó jẹ́ pé ìdá 25 ni HarperCollins, atẹ̀wé rẹ̀, fẹ́ san. HarperCollins pẹjọ́. Ní oṣù Kẹta ọdún 2014, adájọ́ dá HarperCollins láre. Kí ló fa ìyàtọ̀? Àdéhùn 1971 yẹn ní gbólóhùn kan nínú tó mẹ́nu ba kọ̀ǹpútà àti ọ̀nà mìíràn tí ẹ̀dá lè hùmọ̀ lọ́jọ́ iwájú. Gbólóhùn kan tí ẹnikẹ́ni lè kà kọjá ló da ẹjọ́ náà síbi tó dà sí.

Ọ̀rọ̀ yìí kan èdè Yorùbá gbọ̀ngbọ̀n. Púpọ̀ nínú àwọn ìwé tó gbé èdè wa ga jáde kí ẹnikẹ́ni tó ronú kan ìwé orí ẹ̀rọ. Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ jáde ní 1938, Àjà Ló Lẹrù ní 1969, Ó Le Kú ní 1974. D. O. Fágúnwà, tó kọ ti àkọ́kọ́, kú ní oṣù Kejìlá ọdún 1963. Òfin Nàìjíríà ń dáàbò bo ìwé fún àádọ́rin ọdún lẹ́yìn ikú ẹni tó kọ ọ́, nítorí náà iṣẹ́ Fágúnwà ṣì ní olówó títí di ìparí ọdún 2033. Ti Akínwùmí Ìṣọ̀lá, tó kọ Ó Le Kú, tó sì kú ní 2018, á wọ ọdún 2088. Ẹni tó bá fẹ́ gbé irú ìwé àtijọ́ bẹ́ẹ̀ sórí ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ kàn sí atẹ̀wé, kó sì kàn sí àwọn ọmọ olóògbé. Ẹnu iṣẹ́ yìí ni mo ti mọ̀ pé ó ṣòro. Nígbà mìíràn, ilé-iṣẹ́ tó kọ́kọ́ tẹ ìwé ti bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Nígbà mìíràn, kò sẹ́ni tó rí àdéhùn náà mọ́, tàbí kí ẹ̀gbọ́n àti àbúrò má tíì fẹnu kò lórí ẹni tó máa fọwọ́ síwèé. Bí a bá ṣì ń wá ìdáhùn, ẹnìkan á ti ya ìwé náà ní fọ́tò láti ojú ewé dé ojú ewé, á sọ ọ́ di PDF, á sì fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Ọmọ Yorùbá tó wà ní London tàbí ní Houston, tó ṣe tán láti fi owó gidi ra ìwé náà fún ọmọ rẹ̀, PDF oníwúruwùru yẹn ló máa rí. Kọ́bọ̀ kan kò ní kan ẹnikẹ́ni níbẹ̀.

Iṣẹ́ ọwọ́ tiwa náà ti le sí i. Púpọ̀ nínú ìwé Yorùbá tí a tò sórí kọ̀ǹpútà ní ìgbà kan rí, lẹ́tà àkànṣe tí ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ṣe fúnra rẹ̀ la fi tò ó. Bí a bá ṣí irú fáìlì bẹ́ẹ̀ lónìí, àmì ohùn á ti di àmì owó tàbí àmì ìbéèrè. Lójú Unicode, ètò tí kọ̀ǹpútà fi ń dá lẹ́tà mọ̀, ọ àti ẹ ní ààyè tiwọn, ó àti é náà ní tiwọn, ṣùgbọ́n ọ́ àti ẹ́ kò ní. A ní láti gbé àmì ohùn lé lẹ́tà náà lórí ni. Bí lẹ́tà tó wà nínú ẹ̀rọ ìkàwé kò bá mọ bí a ti ń gbé e, àmì á yọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ tàbí kó di àpótí òfìfo. Ìwé Yorùbá tí àmì rẹ̀ ti dàrú kì í ṣe ìwé tó yẹ kí a gba owó lé lórí. Olóòtú tó bá fẹ́ ṣiṣẹ́ yìí dáadáa gbọ́dọ̀ fi lẹ́tà tó pé sínú fáìlì náà gan-an, kó sì yẹ̀ ẹ́ wò lórí fóònù olówó pọ́ọ́kú, torí orí irú fóònù yẹn ni ọ̀pọ̀ òǹkàwé wa yóò ti kà á.

Ní ti ọjà wa nílé, kò sí atẹ̀wé tí ìwé orí ẹ̀rọ kò wù. Ilé-iṣẹ́ bébà tí ìjọba dá sílẹ̀ ní Jẹ́bà, Ìwopin àti Oku-Iboku kò yọ wá nínú ríra bébà lókè òkun. Nígbà tí ìjọba tú náírà sílẹ̀ ní oṣù Kẹfà ọdún 2023, dọ́là tó wà ní nǹkan bí náírà 460 fò kọjá 1,400 kí ọdún tó tẹ̀ lé e tó dá sí méjì, bébà sì bá a fò. Ìwé orí ẹ̀rọ kò nílò bébà. Ṣùgbọ́n ó nílò ìsọ̀ tó dúró ṣinṣin. OkadaBooks, tí Okechukwu Ofili dá sílẹ̀ ní 2013, ṣe bẹbẹ fún àwọn òǹkọ̀wé Nàìjíríà tí atẹ̀wé kankan kò kà sí. Ọgbọ̀njọ́ oṣù Kọkànlá ọdún 2023 ló ti ilẹ̀kùn. Láti ìgbà náà, mo ń béèrè lọ́wọ́ òǹkọ̀wé tó bá fẹ́ gbé ìwé rẹ̀ fún ìsọ̀ kan ṣoṣo: bí wọ́n bá ti ilẹ̀kùn lọ́la, fáìlì rẹ dà? Owó rẹ tó wà lọ́wọ́ wọn ńkọ́?

Òfin ti ń gbìyànjú láti bá ayé mu. Òfin ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé Nàìjíríà ti 2022, tí Ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù Kẹta ọdún 2023, fún ẹni tó ni iṣẹ́ lágbára láti kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ ayélujára pé kó mú ẹ̀dà olè kúrò. Èyí ń ṣiṣẹ́ bí ìwé bá wà ní ojúlé tí gbogbo ayé ń rí. Ta ló máa wọ inú ẹgbẹ̀rún ẹgbẹ́ WhatsApp? Ohun tí mo rí tó ń ṣẹ́ apá olè díẹ̀ ni pé kí ojúlówó ìwé tètè wà, kí àmì rẹ̀ pé, kí owó rẹ̀ mọ níwọ̀n, kí rírà rẹ̀ má sì gba wàhálà.

Nítorí náà, ẹ̀yin òǹkọ̀wé, ẹ má fọwọ́ sí àdéhùn tó kàn sọ pé ẹ fún atẹ̀wé ní gbogbo ẹ̀tọ́. Ẹ pín in wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́: ti bébà, ti orí ẹ̀rọ, ti ohùn, ti ìtumọ̀. Ẹ kọ ọdún tí àṣẹ máa parí. Ẹ kọ iye ẹ̀dà tàbí iye owó tí ìwé orí ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ tà lọ́dún, tó jẹ́ pé bí kò bá tó o, àṣẹ á padà sọ́dọ̀ yín. Bí wọ́n bá dárúkọ ìdá kan, ẹ béèrè pé nínú owó wo. Ẹ gba ẹ̀dà fáìlì tó pé, kí ẹ sì sọ fún àwọn ọmọ yín ibi tí àdéhùn wà.

Ẹ̀yin atẹ̀wé ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ tú àpótí yín wò lọ́sẹ̀ yìí. Èyí tí ẹ kò ní àṣẹ orí ẹ̀rọ rẹ̀, ẹ tọ òǹkọ̀wé tàbí àwọn ọmọ rẹ̀ lọ, kí ẹ bá wọn dúnàádúrà bí ẹni iyì. Èyí tí ẹ kò sì ní ṣe nǹkan kan sí mọ́, ẹ dá a padà fún wọn. Àṣẹ tí ẹ tì mọ́ inú àpótí kò pa owó kankan fún yín, kò sì jẹ́ kí ọmọ Yorùbá rí ìwé kà.